Bíyí Báńdélé àti ìtàn ogun bàbá rẹ̀

 

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, èmi àti ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 16, jókòó wo Ẹlẹ́ṣin Ọba lórí Netflix. Kí n tètè sọ ọ́: kì í ṣe fíìmù ọmọ kékeré o. Ọ̀rọ̀ obìnrin pọ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ikú náà pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ dá a wò fúnra yín. Mo rò pé ọmọ yìí á gbé fóònù rẹ̀ kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, torí Yorùbá ni wọ́n ń sọ, ó sì ní láti máa ka gẹ̀ẹ́sì tó wà nísàlẹ̀. Kò gbé e. Nígbà tó parí, ó ní, "Mọ́mì, ẹni tó ṣe fíìmù yìí, ṣé Yorùbá gidi ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wojú mi. Ó ní, "Yorùbá bíi ti Grandpa, àbí Yorùbá bíi tiwa?"

Mi ò dáhùn. Mo ní kó lọ sùn, ilẹ̀ ti ṣú.

Ohun tí mi ò lè sọ fún un lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni pé Bíyí Báńdélé, tó darí fíìmù náà, kò dàgbà sí Ọ̀yọ́, kò dàgbà sí Abẹ́òkúta. Kafanchan ni wọ́n bí i sí ní 1967, lápá gúúsù ìpínlẹ̀ Kàdúná, ìlú tí ojú irin ti pàdé ojú irin, tí oríṣiríṣi ẹ̀yà ń gbé pọ̀. Yorùbá ni bàbá àti ìyá rẹ̀, àmọ́ àárín àwọn Haúsá ló ti ṣe kékeré. Ẹ tún wo orúkọ ìdílé rẹ̀. Bámidélé ni Báńdélé, orúkọ tí wọ́n ń sọ ọmọ tí wọ́n bí sí ẹ̀yìn odi, pé kó bá òbí rẹ̀ dé ilé. Ẹ̀yin tí ẹ bí ọmọ sí Peckham tàbí Houston, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Ó kẹ́kọ̀ọ́ eré orí ìtàgé ní Ifẹ̀, ó dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1990, ó sì ti tẹ ìwé ìtàn àròsọ méjì jáde kó tó pé ọmọ ọdún 25. Ó kọ eré, ó kọ ìwé nípa àwọn ará Brixton, ó darí Half of a Yellow Sun ní 2013. Gbogbo ìyẹn dára. Ìwé rẹ̀ tí mo fẹ́ kí a dúró lé lórí ni Burma Boy, tó jáde ní 2007.

Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn ọmọ Áfíríkà tí ìjọba òyìnbó kó lọ sí Burma nígbà Ogun Àgbáyé Kejì láti bá àwọn ará Japan jà nínú igbó. Bàbá náà padà wálé, ó bímọ, ó sì máa ń sọ ìtàn ogun náà fún ọmọ. Ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ bàbá ni kì í sọ ọ́. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ àgbà ni, tàbí wọ́n á kàn dákẹ́. Èyí sọ̀rọ̀, ọmọ sì gbé e sínú fún bí ọgbọ̀n ọdún kó tó di ìwé. Nígbà tó wá kọ ọ́, kò fi ọmọ Yorùbá ṣe ẹni tí ìtàn náà dá lé. Ali Banana lorúkọ ọmọdékùnrin náà, ọmọ Haúsá tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì tó ogun ún jà. Ìtàn láti ẹnu bàbá tó jẹ́ Yorùbá, ohùn láti àdúgbò tó ti dàgbà. Mi ò rí ibi tí ọ̀kan ti pa èkejì lára. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń gbọ́ ohùn Jàmáíkà nínú bọ́ọ̀sì, tí wọ́n ń gbọ́ Yorùbá wa tó ń kọsẹ̀ nílé, àwọn náà ní ẹrù lọ́wọ́.

Ní ti Ẹlẹ́ṣin Ọba, Wọlé Ṣóyínká ló kọ eré tó ti wá. Cambridge ló wà nígbà tó kọ ọ́, gẹ̀ẹ́sì ló sì fi kọ ọ́. Ó jáde ní 1975. Báńdélé ló wá gbé e padà sí Yorùbá. Kì í ṣe gbogbo fíìmù náà ló wọ̀ mí lára, ibi tí àwọn òyìnbó ti ń sọ̀rọ̀ gbẹ díẹ̀. Ṣùgbọ́n Olúńdé, ọmọ Ẹlẹ́ṣin, gbá mi mú. Ó wà ní ìlú òyìnbó, ó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà (ẹ̀yin òbí, ẹ má rẹ́rìn-ín), ó gbọ́ pé ọba wàjà, ó wọkọ̀ wálé láti wá sin bàbá rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé Ẹlẹ́ṣin gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ọba. Bàbá kò lè lọ. Ọmọ ló lọ dípò rẹ̀. Inú bí ọmọ mi gan-an. Ó ní kí ló dé tí ọmọ fi máa san gbèsè bàbá? A ṣì ń jà sí i lórí oúnjẹ àárọ̀.

Báńdélé kò rí ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé fíìmù náà síta. Ó kú ní Èkó ní oṣù kẹjọ 2022, ọmọ ọdún 54, nígbà tó ku oṣù kan kí wọ́n fi hàn ní Toronto. Ìwé rẹ̀ tó kẹ́yìn, Yorùbá Boy Running, jáde ní 2024. Àjàyí Crowther ló wà níbẹ̀, ọmọ Òṣoògùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tí kò tún fojú kan ìyá rẹ̀ àfi ní 1846, ní Abẹ́òkúta. Ọdún 25.

Ìgbà tí mo ń ka ọjọ́ yẹn lórí ìka ni mo rántí pé bàbá tèmi gbọ́ Haúsá. Mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́; tó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta súyà, òun àti wọn á máa fọ̀ ọ́, a óò máa rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ réluwéè ní Zaria. Ó parí síbẹ̀. Mi ò bi í rí. Ó ti pé ọmọ ọdún 83 báyìí, ó sì máa ń fi orúkọ àbúrò mi pè mí nígbà mìíràn.

A pè é ní Sunday tó kọjá. Ọmọ mi ló sọ̀rọ̀: "Grandpa, ẹ káàsán, sà. Níbo lẹ ti kọ́ Haúsá?" Ó dákẹ́ títí, mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já. Ó ní, "Ta ló ní kó bi mí?" Mo ní òun fúnra rẹ̀ ni, sà. Ló bá bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń din àkàrà ní stéṣọ̀n, ọkọ̀ ojú irin máa ń dé lóru, ó sì ní láti mọ bí wọ́n ṣe ń ka owó ní Haúsá, torí tí ṣéńjì bá ṣì, ìyá á gbá a létí. Ó kà á fún ọmọ mi láti ọ̀kan dé ogún. Ó ní, "Èmi ni mò ń ka owó. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń gbé àtùpà."

Mo ní, "Dádì, ẹ̀gbọ́n yín wo? Ẹ̀yin kọ́ ni àkọ́bí?"

Ó ní ó ti rẹ òun, kí a pe òun ní Sunday mìíràn. Ọ̀la ni. Ọmọ mi ti ṣájì fóònù rẹ̀ sílẹ̀.