Ọ̀dà kọ́ ni ilé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá yàrá ní Sango, Ojú Ọrẹ àti Ìjòkò, mo bẹ̀ yín, ẹ yé fi ọ̀dà mọ ilé tó dáa! Etí wíńdò nínú yàrá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ.

Ẹ fi ìka kan ibi tí wọ́n rẹ́. Tó bá ń dún bí igbá òfìfo, kò lẹ̀ mọ́ búlọ́ọ̀kù nìyẹn. Ẹ fọwọ́ ra á. Tí iyanrìn bá ń já, sìmẹ́ńtì ò tó, tàbí wọn ò bomi rin ín.

Èmi ò ní dá bíríkìlà nìkan lẹ́bi o. Láńlọ́ọ̀dù tó ní kí wọ́n kùn ún kó tó gbẹ ńkọ́? Láti 1960 ni wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì ní Ewékorò, ní ìpínlẹ̀ wa níbí. Kí ló wá dé tá a fi ń ṣahun ẹ̀ sí etí wíńdò?

Ẹ kan ògiri kẹ́ ẹ tó sanwó.