Ẹ MÁ LỌ́ WÁYÀ PỌ̀

Bí aago ìdágìrì ẹnu ilẹ̀kùn bá ń ké láìsí olè, àwọn oníṣẹ́ iná kan a gé ojú rẹ̀ kúrò, wọn a lọ́ wáyà méjèèjì pọ̀. Ariwo á dákẹ́, onílé á sì sanwó, á tún dúpẹ́. Èmi kò rí ọpẹ́ níbẹ̀ o!

Irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì wà nínú gíláàsì kékeré lára férémù, irin òòfà sì wà lára ilẹ̀kùn. Bí a bá ti ilẹ̀kùn, òòfà á mú kí irin méjèèjì fẹnu kò, iná á máa kọjá. Bí ó bá ṣí, wọn a yà, aago á figbe ta. Wáyà tí a lọ́ pọ̀ kò lè yà láé. Bí olè tilẹ̀ gbé ilẹ̀kùn lọ, títì ni aago yóò pè é.

Ìlú tí olè ti jí ère kó ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ẹ̀gbẹ́ ààfin Ọọ̀ni ní 1993 àti 1994 ni a wà yìí. Kí la fẹ́ fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ṣe?

Bí gíláàsì bá fọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí òòfà bá yẹ̀, ẹ dá a padà sí ọ̀kánkán. Kí oníṣẹ́ ṣí ilẹ̀kùn lójú yín, kí aago ké, kí ó tó gbowó.