Ìyà Nìkan Kì í Kọ́ni Láàánú

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń bí mi nínú lẹ́nu àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gíga wa: “Àwa náà jìyà, kò pa wá.” Wọn ò purọ́ o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwé, wọ́n ṣe alábàárù kí wọ́n tó rówó ìdánwò san. Ṣùgbọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ kan wá bẹ̀ wọ́n pé owó òun ò pé, ìyà àtijọ́ yẹn náà ni wọn yóò fi lé e jáde.

Ìdí fèrèsé tí wọ́n ti ń gba owó ilé ẹ̀kọ́ ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo mọ ọmọ tí owó rẹ̀ ò pé. Yóò jẹ́ kí gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà kọjá, kó tó rọra na ìwé báńkì sí mi: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìdajì rèé.” Kí ni mo lè ṣe? Àánú akọ̀wé kò ju owó ọkọ̀ lọ. Ọ̀gá ló láṣẹ.

Bí wọ́n bá ń bá mi jiyàn, Ruth Simmons ni mo máa ń tọ́ka sí. Ọdún 1945 ni wọ́n bí i ní Grapeland, ní ìpínlẹ̀ Texas, òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ méjìlá. Oko olóko ni àwọn òbí rẹ̀ ń dá. Nígbà tí wọ́n kó lọ sí Houston, ìyá rẹ̀ ń tún ilé onílé ṣe. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Ruth nígbà tí ìyá náà kú. Ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ló gbé e dé Yunifásítì Dillard, àwọn olùkọ́ rẹ̀ ló sì fún un láṣọ tó kó lọ. Ní 2001, ó di ààrẹ Yunifásítì Brown, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí yóò darí ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì olókìkí Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Ivy League.

Lásìkò rẹ̀ ni Brown bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọmọ Amẹ́ríkà wọlé láìkọ́kọ́ wo àpò òbí rẹ̀. Ní 2003, ó gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti tú iṣu désàlẹ̀ ìkòkò lórí owó òwò ẹrú tó wà nínú ìpìlẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà. Nígbà tí Simmons ń darí Yunifásítì Prairie View A&M ní Texas, olówó Amẹ́ríkà kan, MacKenzie Scott, fi mílíọ̀nù 50 dọ́là ta ilé ẹ̀kọ́ náà lọ́rẹ ní 2020. Simmons ya mílíọ̀nù 10 sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún àwọn tó ti ń sún mọ́ àtiparí, tí gbèsè àsìkò Kòrónà fẹ́ dá dúró.

Kì í ṣòro fún ẹni tó bá rántí ẹni tó fún un láṣọ wọ̀ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbà pé agbára òun nìkan ló gbé òun dépò ló máa ń ní kí ọmọ ọlọ́mọ lọ jìyà tirẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, a kí yín kú orí ire. Ẹ wá kọ àánú yín sínú òfin. Ọmọ tó bá san ìdajì, kó ṣe ìdánwò, kó san ìyókù kó tó gba ìwé ẹ̀rí. Kí àpò owó kan wà fún ẹni tí òbí rẹ̀ bá kú láàárín ọdún. Òótọ́ ni pé ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣòfin tuntun lórí ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ní 2024, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìdánwò kì í dúró de owó ìjọba. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá lè rówó ra ọkọ̀ tuntun fún ọ̀gá, kò yẹ kó wá owó èyí tì.