Omi Pupa Sàn Ju Omi Odò Lọ

Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n omi lè gbé ọ̀tá wọlé.

Ní àwọn abúlé agbègbè Atakpamé, a máa ń fi pọ́ǹpù fa omi láti inú ilẹ̀. Omi pọ́ǹpù mìíràn a mọ́ nígbà tí a bá pọn ọ́n. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀ nínú ìkòkò, a pupa. A máa ba aṣọ funfun jẹ́. Nígbà náà ni àwọn ìyá kan máa ń fi pọ́ǹpù sílẹ̀, tí wọ́n á padà sí odò.

Èrò mi ni pé èyí kò dára. Irin ni ó ń mú omi pupa. Mílígíráàmù 0.3 péré nínú lítà omi kan tó láti ba aṣọ jẹ́, ṣùgbọ́n kò tó láti ṣe ara ní ibi. Omi odò ńkọ́? Ó lè fa onígbá méjì àti ìgbẹ́ gbuuru. Omi adágún ni ó fi sòbìyà sí ẹsẹ̀ àwọn òbí wa. Ọdún 2011 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tó jẹ́rìí pé sòbìyà ti tán ní Tógò. Ẹ má jẹ́ kí a padà sẹ́yìn.

Ẹ dán pọ́ǹpù yín wò. Ní òwúrọ̀, ẹ gbé garawa àkọ́kọ́ sọ́tọ̀. Ẹ gbé ogún garawa jáde, kí ẹ tún gbé ọ̀kan sọ́tọ̀. Ní ọ̀sán, ẹ wò wọ́n. Bí àkọ́kọ́ nìkan bá pupa, páìpù ni ó ń dípẹtà. Ẹ pàrọ̀ rẹ̀. Bí méjèèjì bá pupa, inú ilẹ̀ ni irin ti ń wá. Ẹ jẹ́ kí omi náà sùn nínú ìkòkò tí a dé, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ.

Òjé ni kí a bẹ̀rù, èyí tí àwọn apẹja fi ń so àwọ̀n. Kò ní àwọ̀, kò ní adùn nínú omi. Ó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Bí a bá se omi, kòkòrò a kú, òjé kò ní lọ. Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ sọ pé àwọn rí òjé nínú àwọn ohun èlò idẹ tó wà lára pọ́ǹpù àti ẹ̀rọ omi ní Gánà, Málì àti Nìjẹ́, àti nínú díẹ̀ lára omi wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ti ń mọ ìwé kà, ẹ bèèrè ìwé àyẹ̀wò omi yín. Ní èdè Faransé, fer ni irin, plomb ni òjé. Ẹ wo iye tí wọ́n kọ síwájú plomb. Kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 0.01 lọ nínú lítà kan. Bí kò bá sí ìwé àyẹ̀wò, ẹ kó ara yín jọ, kí ẹ béèrè fún un. Ẹ̀tọ́ yín ni.