Ta Ni Ó Lé Ọlọ́run Kúrò Lójú Ọ̀run?

Àwọn kan gbà pé ibi tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì bá ti ń wọlé, ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti ń di ẹrù rẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1961, Yuri Gagarin, ará Rọ́ṣíà, yí ayé po lẹ́ẹ̀kan lójú òfuurufú ní ìṣẹ́jú 108. Kò pẹ́ tí àwọn alátakò ẹ̀sìn ní ilẹ̀ náà fi ń pariwo pé ó dé òkè, kò sì rí Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 24 oṣù kejìlá ọdún 1968, àwọn ará Amẹ́ríkà mẹ́ta tí ń yí òṣùpá po nínú Apollo 8 ka ìtàn ìṣẹ̀dá inú Bíbélì sí etígbọ̀ọ́ aráyé. Bí ojú ọ̀run bá jẹ́ ẹlẹ́rìí, ta ni ó gbè nínú wọn?

Ohun tí ó ṣeé wọ̀n, tí ó ṣeé kà, tí ó ṣeé dán wò ni sáyẹ́ǹsì ń wádìí. Onígbàgbọ́ kò sì fìgbà kan pe Ọlọ́run ní ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ó wà lójú ọ̀run. Ẹlẹ́dàá wọn ni ó pè é. Ẹni tí ó tú gbogbo yàrá wò, tí kò bá ẹni tí ó kọ́ ilé nínú àpótí, kò tíì fi hàn pé ilé náà kọ́ ara rẹ̀. Lóòótọ́, àlàyé yìí nìkan kò tó láti fi hàn pé Ọlọ́run wà. Ohun tí ó fi hàn ni pé ibi tí alátakò ti ń wá a kọ́ ni à á ti í wá a.

Síbẹ̀, ẹjọ́ náà kì í ṣe ti alátakò nìkan. Ibi tí ìmọ̀ kò bá tíì dé ni àwọn onígbàgbọ́ kan ń fi Ọlọ́run pamọ́ sí. Bí ìmọ̀ bá sún síwájú, wọn a tún gbé e sá. Ọlọ́run tí à ń gbé sá kiri ha ni Ọlọ́run bí?

Georges Lemaître, àlùfáà Kátólíìkì ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1927, ó fi ìṣirò hàn pé àgbáyé ń gbòòrò sí i. Ní 1931, ó dábàá pé láti inú ohun kíún kan ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Póòpù Pius Kejìlá sọ ní 1951 pé irú ìmọ̀ yìí ń jẹ́rìí sí ìṣẹ̀dá, inú Lemaître kò dùn sí i. Èrò rẹ̀ ni pé iṣẹ́ náà kò kan ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn: onígbàgbọ́ lè gbà á, aláìgbàgbọ́ náà lè gbà á. Àlùfáà ni ó sì jẹ́ títí ó fi kú ní 1966.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń fipá mú láti yan ọ̀kan nínú yàrá àyẹ̀wò àti ilé àdúrà, ìyà tí kò tọ́ sí i ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Kí onísáyẹ́ǹsì wọn ohun tí ó gbé sórí ìwọ̀n, kí ó má sì ṣe ìdájọ́ lórí ohun tí kò gbé sí i. Kí onígbàgbọ́ náà má ṣe fòyà: ẹni tí ó gbà pé Ọlọ́run ni ó dá ayé kò ní ìdí láti máa bẹ̀rù ẹni tí ń wo bí ayé ṣe rí.