Ọkọ̀ tí ó ń tẹ ìjánu fúnra rẹ̀

Ẹni tí ó bá jókòó sí ẹ̀bá títì ní agbègbè Ṣábẹ fún wákàtí kan yóò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ìjánu ọkọ̀ fi kan gbogbo ilé. Ọ̀nà Cotonou sí Parakou gba ibẹ̀ kọjá. Ọkọ̀ akẹ́rù tí ó kó òwú ń rọra lọ, bọ́ọ̀sì ń sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, alùpùpù tí ó gbé iṣu láti oko sì ń yọ sí títì láìtan iná. Bessé jẹ́ ọ̀kan nínú ẹkùn mẹ́jọ tí kọ́múùnù Ṣábẹ pín sí, àwọn ará ibẹ̀ pẹ̀lú sì ń fi ẹ̀mí wọn lé àwọn awakọ̀ ọ̀nà yìí lọ́wọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, bọ́ọ̀sì kan àti ọkọ̀ akẹ́rù kọlu ara wọn ní agbègbè Dassa-Zoumé, tí kò jìnnà sí Ṣábẹ. Iná sọ, ènìyàn tí ó kú kò dín ní ogún. Irú ọ̀fọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó ń mú kí etí ènìyàn ṣí sí ohunkóhun tí ó bá ṣèlérí ààbò.

Ẹ̀rọ kan ti ń bá ọkọ̀ tòkunbọ̀ wọlé báyìí, tí ó ń kìlọ̀ fún awakọ̀ bí ohun kan bá dínà níwájú, tí ó sì ń tẹ ìjánu fúnra rẹ̀ bí awakọ̀ kò bá tètè ṣe bẹ́ẹ̀. Láti oṣù keje ọdún 2024, òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ní ẹ̀rọ náà. Ohun tí wọ́n ń wà lọ́hùn-ún lónìí ni yóò di tòkunbọ̀ níhìn-ín lọ́la.

Ojú ni ẹ̀rọ yìí fi ń ṣiṣẹ́. Kámẹ́rà kékeré kan wà lẹ́yìn gíláàsì iwájú, lókè, nítòsí díńgí tí awakọ̀ fi ń wo ẹ̀yìn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, rédà tún wà níwájú, nísàlẹ̀, tí ó ń wọn bí ohun tí ó wà lọ́nà ti jìnnà tó, àti bí ó ti ń yára súnmọ́ tó. Bí ìkọlù bá fẹ́ ṣẹlẹ̀, iná pupa á tàn, agogo á dún. Bí awakọ̀ kò bá ṣe nǹkan kan, ọkọ̀ á tẹ ìjánu, débi pé bẹ́líìtì lè fún ènìyàn láyà. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ bá yí ọkọ̀ lójijì, tàbí tí ó fi kún eré, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà á gbà pé ó mọ ohun tí ó ń ṣe, wọn á sì jọ̀wọ́ ọkọ̀ fún un.

Ẹrẹ̀ òjò tí ó lẹ̀ mọ́ iwájú ọkọ̀, eruku ọyẹ́ tí ó bo gíláàsì, oòrùn ìrọ̀lẹ́ tí ó dojú kọ kámẹ́rà: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó láti fọ́ ẹ̀rọ náà lójú. Ọ̀pọ̀ kò mọ màlúù tàbí ewúrẹ́ yàtọ̀ sí òjìji. Eré pẹ̀lú ní ìwọ̀n tirẹ̀. Nígbà tí Volvo fi irú ẹ̀rọ yìí sí ọkọ̀ XC60 ní ọdún 2008, eré tí kò ju 30 kìlómítà ní wákàtí kan lọ ni wọ́n ṣe é fún, èyíinì ni sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ inú ìlú ńlá. Àwọn ti ìsinsìnyí lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ọkọ̀ tí ó ń sá 90 kìlómítà ní wákàtí kan ń la mítà 25 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo.

Èyí tí ó yẹ kí ó ká ènìyàn lára jù lọ ni ti ọkọ̀ akẹ́rù tí ó bàjẹ́ sójú títì lóru, tí wọ́n já ewé tútù sí ẹ̀yìn rẹ̀ láti fi ṣe àmì. Ohun tí kò mì pọ̀ lójú ọ̀nà: pátákó, afárá, òpó iná. Bí rédà bá ń tẹ ìjánu nítorí gbogbo wọn, ọkọ̀ kò ní lè rìn, ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn á sì máa rọ́ lù ú. Nítorí náà ni wọ́n ṣe kọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ láti fojú fo ohun tí ó dúró gbọn-in, nígbà tí eré bá pọ̀. Ibi tí awakọ̀ Ṣábẹ ti nílò ìrànlọ́wọ́ jù lọ gan-an ni ojú ẹ̀rọ náà ti ṣókùnkùn jù. Àwọn kan ń sọ pé ènìyàn lè máa tòògbé nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá gbà wọ́n gbọ́ lè sùn pẹ́ ju bí ó ti rò lọ.

Síbẹ̀, yíyọ ẹ̀rọ náà dànù kì í ṣe ọgbọ́n. Ó ń gba ọmọ tí ó sá sọdá títì níwájú ọjà là, níbi tí ọkọ̀ kò ti sáré. Ohun tí ó burú ni pé ẹni tí ó ń ta ọkọ̀ kì í sọ fún oníbàárà pé ẹ̀rọ náà wà, bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́, tàbí pé wọ́n ti gé wáyà rẹ̀. Ó yẹ kí òfin fi dandan lé e pé kí ó sọ ọ́, kí àyẹ̀wò ọkọ̀ ti ìjọba sì máa wo ẹ̀rọ náà bí ó ti ń wo táyà àti iná. Mẹkáníìkì tí ó bá pààrọ̀ gíláàsì iwájú gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kámẹ́rà ẹ̀yìn rẹ̀ nílò àtúntò, nítorí bí ó bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, ibi tí kò yẹ ni yóò máa wò.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí ojú ẹ̀rọ náà bá ti bò, iná kékeré kan á tàn níwájú awakọ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ díẹ̀. Jámánì ni èdè náà nígbà mìíràn, bí ó bá jẹ́ pé láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti wá. Ẹni tí ó tún èdè náà yí sí Faransé ní ọjọ́ tí ó ra ọkọ̀, tí ó sì ń fi aṣọ tútù nu gíláàsì àti iwájú ọkọ̀ kí ó tó kúrò ní Bessé láràárọ̀, ti ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.