Omi Wikki Kì Í Ṣe Ti Olówó Nìkan

Nígbà tí ọyẹ́ bá mú gidigidi ní Sáríà, tí ètè ń là, tí àwọn ọmọ wa ní Sabon Gari sì ń sá fún omi ìwẹ̀, ta ni kò ní fẹ́ gbọ́ ìròyìn omi tí ó ń lọ́wọ́ọ́wọ́ láìsí ẹni tí ó dáná sí i? Ọ̀pọ̀ Yorùbá tí ń gbé ìhín mọ Ìkògòsì ní ilẹ̀ Èkìtì, níbi tí omi tútù àti omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ti ń ṣàn pàdé ara wọn. Ìwọ̀nba nínú wọn ni ó ti dé Wikki, nínú igbó ọba Yankari ní Ìpínlẹ̀ Báúṣì, bẹ́ẹ̀ ni Wikki sì súnmọ́ wa ju Èkìtì lọ.

Ẹsẹ̀ àpáta gíga ni omi Wikki ti ń sun jáde lábẹ́ igi, ó sì mọ́ gaara tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn ń rí iyanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìwọ̀n ooru rẹ̀ tó 31 ní ti Sẹ́síọ́ọ̀sì, lójò lẹ́ẹ̀rùn, lọ́sàn-án lóru. Omi òjò ni ó ń rìn wọnú ilẹ̀ jìnnà, dé ibi tí ooru inú ayé ti mú àpáta gbóná, tí ó sì tún padà sókè kí ó tó ráyè tutù. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń ṣàn lọ bá odò Gaji, níbi tí erin àti ẹfọ̀n ti ń mu omi. (Àwọn ìnàkí ibẹ̀ kì í bẹ̀rù ènìyàn. Ẹni tí ó bá gbé oúnjẹ kalẹ̀ láti lúwẹ̀ẹ́, kí ó má retí àtibá a.)

Ní 1956 ni ìjọba Àríwá ìgbà náà ya igbó yìí sọ́tọ̀ fún ẹranko. Ní 1962 a ṣí i fún gbogbo ènìyàn. Ó di ti ìjọba àpapọ̀ ní 1991, ó sì padà sọ́wọ́ Ìpínlẹ̀ Báúṣì ní 2006. Ọ̀rọ̀ “gbogbo ènìyàn” yẹn gan-an ni a fẹ́ mú rán àwọn aláṣẹ létí. Ilé àlejò dára, a kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni àǹfààní rẹ̀ fún olùkọ́ tàbí oníṣẹ́ ọwọ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò lè san ti ìsùn òru kan fún ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin? Ju èyí lọ, ìbẹ̀rù àwọn ajínigbé ti mú kí baálé ilé ro ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó kó ìdílé rẹ̀ gba ọ̀nà Pambegua lọ sí Jọ́ọ̀sì, kí ó tó wá kan Báúṣì.

A rọ ìjọba Kàdúná àti ti Báúṣì kí wọ́n fi ìmọ̀ ṣọ̀kan lórí èyí. Kí àwọn ọlọ́pàá máa sin ọkọ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ, kí wọ́n sì sìn wọ́n bọ̀. Kí owó ìwọlé ọmọdé jẹ́ èyí tí apá òbí ká. Ẹ̀ẹ̀rùn ni àkókò tí ó dára jù, nítorí ìgbà náà ni ẹranko ń wá sétí odò.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ bá sì dé ibẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọṣẹ wẹ̀ nínú orísun omi náà, ẹ sì di ọ̀rá oúnjẹ yín padà wálé.